Magdalena Forsberg: Obìnrin tí ó kọ́ ìbọn yíyìn ní àgbà

Kí a tó kàwé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Olùkọ́ yóò kọ wọ́n sí ojú pátákó. Ẹ pè wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣí ẹ̀kọ́ náà.

yìnyín: omi tí òtútù ti sọ di líle. Ní ilẹ̀ òtútù ó máa ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú, a sì bo ilẹ̀.
síkì: pátákó méjì, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí a ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín.
àmì: ohun tí a ń fojú sùn kí a tó yin ìbọn.
ìtàsé: kí ọta ìbọn má ba àmì.
mẹ́dáàlì: ohun ẹ̀yẹ tí a ń fi kọ́ ọrùn ẹni tí ó borí. Ẹni kìíní gba wúrà, ẹni kejì gba fàdákà, ẹni kẹta gba idẹ.

1. Ilẹ̀ òtútù

Ilẹ̀ Swídìn wà ní apá àríwá Yúróòpù. Ó jìnnà sí wa púpọ̀. Ní àríwá ilẹ̀ náà, òtútù máa ń mú fún oṣù púpọ̀ nínú ọdún. Òtútù náà ju ti ọyẹ́ tiwa lọ jìnnà. Omi inú odò a máa dì, ènìyàn a sì lè rìn lórí rẹ̀. Yìnyín a máa bọ́ láti ojú ọ̀run. A bo oko, a bo ọ̀nà, a bo òrùlé ilé.

Nínú irú yìnyín bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn a máa rì. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń lo síkì láti ayé àtijọ́. Ẹni tí ó wọ síkì kì í rì. Ó mú ọ̀pá méjì dání, ó ń fi wọ́n ti ilẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ. Àwọn ọdẹ wọ síkì láti lé ẹran. Àwọn ọmọ-ogun náà wọ̀ ọ́ láti ṣọ́ ààlà ilẹ̀ wọn.

Láti inú iṣẹ́ ọdẹ àti iṣẹ́ ọmọ-ogun ni eré kan ti jáde. Orúkọ rẹ̀ ni bíátílọ́ọ̀nù. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìdíje méjì nínú ọ̀kan. Ẹni tí ó ń ṣe é ń sáré lórí síkì, ó sì ń yin ìbọn.

2. Ìdíje méjì nínú ọ̀kan

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé obìnrin kan tí ó ń díje.

Ó gbé ìbọn kọ́ ẹ̀yìn. Ìbọn náà kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju kìlò 3 àbọ̀ lọ. Ó ń sáré gun òkè, ó ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń wọ inú igbó, ó ń jáde. Òógùn bò ó nínú òtútù. Ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Ó lè lù ju ìgbà 150 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn náà ó dé ibi tí a ti ń yin ìbọn. Àmì 5 wà níwájú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n jìnnà sí i ní mítà 50. Ọta 5 ni ó ní fún wọn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yin ìbọn náà. Nígbà mìíràn, obìnrin náà yóò dojú bolẹ̀, yóò fi ìgúnpá ti ilẹ̀. Nígbà náà, àmì tí ó ń wò kéré gan-an. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 àbọ̀. Kò ju ẹyin adìẹ lọ. Nígbà mìíràn, yóò yìn ín ní ìdúró. Nígbà yẹn, fífẹ̀ àmì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11 àbọ̀, bí àwo kékeré. Àmì náà tóbi jù, ṣùgbọ́n ara tí ó dúró kì í rọrùn láti mú dúró jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, èémí ń gbé àyà sókè, atẹ́gùn sì ń ti ìbọn.

Ohun tí ó ṣòro nínú eré yìí nìyí. Ẹni tí ó ń sáré nílò agbára àti ìkánjú. Ẹni tí ó ń yin ìbọn nílò sùúrù àti ìfarabalẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í sábà gbé inú ilé kan. Ẹni tí ó bá sáré jù, ọwọ́ rẹ̀ a gbọ̀n. Ẹni tí ó bá rọra jù, àwọn ẹlòmíràn a fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé: Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

3. Ìyà ẹni tí ó bá tàsé

Ẹni tí ó bá tàsé kì í jáde kúrò nínú eré. Ṣùgbọ́n yóò jẹ ìyà. Ìyà náà kò rí bákan náà nínú gbogbo ìdíje.

Nínú ìdíje kìlómítà 7 àbọ̀ àwọn obìnrin, wọ́n ń yin ìbọn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Fún ìtàsé kọ̀ọ̀kan, ẹni náà yóò yí òbíríkítí kékeré kan ká. Gígùn òbíríkítí náà jẹ́ mítà 150. Bí ó bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ń yí i, ó ń wo àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ti ń kọjá lọ.

Nínú ìdíje kìlómítà 15 àwọn obìnrin, wọ́n ń yin ìbọn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Àmì 20 ni gbogbo rẹ̀. Kò sí òbíríkítí níbẹ̀. Fún ìtàsé kọ̀ọ̀kan, a óò fi ìṣẹ́jú 1 kún àkókò tí ẹni náà fi sáré. Nínú ìdíje yìí, wọn kì í jọ gbéra papọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde. Ẹni tí ó ń sáré kò mọ̀ bí òun ló wà níwájú tàbí òun ló wà lẹ́yìn. Aago ni ó ń bá jà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Obìnrin kan sáré kìlómítà 15 ní ìṣẹ́jú 44, ṣùgbọ́n ó tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àkókò rẹ̀ di ìṣẹ́jú 48. Obìnrin kejì sáré é ní ìṣẹ́jú 46, ó sì tàsé lẹ́ẹ̀kan péré. Àkókò rẹ̀ di ìṣẹ́jú 47. Ẹni tí kò yára tó èkejì ni ó borí.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọdún 1960 ni bíátílọ́ọ̀nù kọ́kọ́ wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì, fún àwọn ọkùnrin nìkan. Ní Squaw Valley ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Ìdíje kìlómítà 20 ni. Ọmọ ilẹ̀ Swídìn kan, Klas Lestander, ni ó gba wúrà. Àwọn mìíràn yára jù ú lọ lórí síkì. Ṣùgbọ́n òun yin ọta 20, gbogbo wọn sì ba àmì. Àwọn obìnrin dúró títí di ọdún 1992 kí wọ́n tó fún wọn ní àyè láti ṣe bíátílọ́ọ̀nù ní Òlíḿpíìkì.

4. Ọmọbìnrin Ullånger

Nísinsìnyí, a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a torí rẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1967 ni wọ́n bí Magdalena Wallin. Ullånger, ìletò kékeré kan ní apá àríwá Swídìn, ni ìlú rẹ̀. Nígbà tí ó lọ́kọ, ó ń jẹ́ Magdalena Forsberg. Ọkọ rẹ̀, Henrik Forsberg, náà jẹ́ sárésáré lórí síkì.

Iṣẹ́ tí Magdalena kọ́kọ́ mọ̀ ni síkì nìkan, láì sí ìbọn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọdún 1987, ó lọ sí Ìdíje Àgbáyé ní Oberstdorf ní ilẹ̀ Jámánì. Kò tíì pé ọmọ 20 ọdún. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn láti Swídìn sáré papọ̀, bí ọ̀kan bá parí, èkejì a gbà á. Wọ́n ṣe ipò kẹta, wọ́n sì gba mẹ́dáàlì idẹ.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà dára. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà lè rò pé lọ́jọ́ iwájú yóò di ẹni àkọ́kọ́ nínú eré síkì. Ọdún kan kọjá, ọdún méjì kọjá, ọdún márùn-ún kọjá. Magdalena kò kúrò nínú eré náà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń gba ipò kìíní láyé. Àwọn obìnrin mìíràn ń borí rẹ̀.

5. Ó padà di akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 1994, Magdalena yí padà sí bíátílọ́ọ̀nù. Ó ń lọ sí ọmọ ọdún 27.

Ẹ ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ orí yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń díje nínú bíátílọ́ọ̀nù ti di ìbọn mú fún ọdún púpọ̀. Ẹ wo Uschi Disl ti ilẹ̀ Jámánì. Ó kéré sí Magdalena lọ́jọ́ orí. Síbẹ̀ òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba mẹ́dáàlì fàdákà ní Òlíḿpíìkì ọdún 1992, nínú bíátílọ́ọ̀nù. Magdalena ní ẹsẹ̀ tí ó lè sáré. Èyí kò kéré. Ṣùgbọ́n ní ti ìbọn, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ láti A, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé.

Kí ni ẹni tí ó ń kọ́ ìbọn yíyìn fún eré yìí máa ń kọ́?

Àkọ́kọ́, ó ń kọ́ bí a ti ń dúró. Bí ara kò bá rí ibi dúró sí, ojú tí ó mú kò lè ran ọwọ́ lọ́wọ́.

Èkejì, ó ń kọ́ bí a ti ń mí. Yóò mí sínú, yóò mí síta, yóò sì dá èémí náà dúró díẹ̀. Nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn ni yóò yin ìbọn. Bí ó bá pẹ́ jù, ojú rẹ̀ yóò ṣú, ọwọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n.

Ẹ̀kẹta, ó ń kọ́ bí a ti ń fi ìka tẹ ìbọn. A kì í fà á lójijì. A máa ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ó ń kọ́ láti ka atẹ́gùn. Àwọn àsíá kéékèèké wà ní ibi ìyìnbọn. Bí wọ́n bá ń fẹ́ sí ọ̀tún, ọta yóò fẹ́ lọ sí ọ̀tún. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò tún ojú ìbọn rẹ̀ ṣe kí ó tó yìn ín.

Ẹ̀karùn-ún, ó ń kọ́ láti gbàgbé. Bí ọta kìíní bá tàsé, ọta kejì ṣì wà. Ẹni tí ó bá ń ronú nípa èyí tí ó ti lọ yóò tún tàsé.

A kì í kọ́ gbogbo èyí ní ọjọ́ kan. Àwọn tí ó ń ṣe eré yìí máa ń gbé ìbọn ní ilé, láì fi ọta sí i, wọn a dúró, wọn a mí, wọn a tẹ̀ ẹ́, nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, tí yìnyín kò sí, wọn a wọ síkì tí ó ní táyà kéékèèké lábẹ́, wọn a sì máa sáré lórí ọ̀nà ọlọ́dà. Iṣẹ́ náà kò ní ìsinmi púpọ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn nígbà yẹn.

6. Ọdún mẹ́fà ní ipò kìíní

Iṣẹ́ náà so èso kíákíá ju bí ènìyàn ti lè rò lọ.

Ìdíje kan wà tí a ń pè ní Ife Àgbáyé. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni a fi ń gbà á. Láti ìgbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọn a máa lọ láti ìlú dé ìlú. Ní ìdíje kọ̀ọ̀kan, wọn a fún olúkúlùkù ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ipò rẹ̀. Ní òpin, wọn a ka máàkì gbogbo. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ni ó gba Ife. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe dáadáa ní ọjọ́ kan tí ó sì sùn ní ọjọ́ mẹ́wàá kò lè gbà á. Ife náà jẹ́ ti ẹni tí kì í rẹ̀.

Magdalena Forsberg gba Ife Àgbáyé fún ìgbà kìíní ní òpin sáà 1996 sí 1997. Kò tíì tó ọdún mẹ́ta tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìbọn. Ó tún gbà á ní sáà tí ó tẹ̀lé e. Ó tún gbà á. Ó gbà á títí di sáà 2001 sí 2002. Ìgbà mẹ́fà ni, láì já síra. Títí di òní, kò sí obìnrin mìíràn tí ó tíì gba Ife náà ní ìgbà mẹ́fà nínú bíátílọ́ọ̀nù. Nínú àwọn ìdíje Ife Àgbáyé, ìgbà 42 ni ó ṣe ipò kìíní.

Ìdíje Àgbáyé yàtọ̀ sí Ife Àgbáyé. Ìlú kan ni gbogbo ènìyàn ń péjọ sí fún ìyẹn, ìdíje kọ̀ọ̀kan sì ní mẹ́dáàlì tirẹ̀. Ẹ wo wúrà tí Magdalena gbà níbẹ̀:

Ní ọdún 1997, ní Osrblie ní ilẹ̀ Slofákíà: wúrà 2.
Ní ọdún 1998: wúrà 1.
Ní ọdún 2000: wúrà 1.
Ní ọdún 2001, ní Pokljuka ní ilẹ̀ Slofẹ́níà: wúrà 2.

7. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tètè tó

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò rọrùn fún un. Ohun náà ni Òlíḿpíìkì.

Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni Òlíḿpíìkì ń wáyé. Ẹni tí kò bá ṣe dáadáa ní ọjọ́ náà yóò dúró fún ọdún mẹ́rin kí ó tó tún rí àyè. Ní oṣù kejì ọdún 1998, wọ́n péjọ sí Nagano ní ilẹ̀ Jàpáànù. Magdalena ti gba Ife Àgbáyé. Ó ti gba wúrà méjì ní Osrblie. Àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ń retí pé yóò mú wúrà wálé.

Kò mú wúrà wálé. Kò mú fàdákà wálé, kò sì mú idẹ wálé. Ó jáde kúrò ní Nagano ní ọwọ́ òfìfo.

Ẹni tí gbogbo ìlú ń wò, tí ó sì kùnà ní ojú gbogbo ìlú, kí ni yóò ṣe? Àwọn mìíràn a fi ibi tí ojú ti tì wọ́n sílẹ̀. Magdalena kò fi í sílẹ̀. Ní sáà yẹn kan náà, ó gba Ife Àgbáyé rẹ̀ kejì. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún. Nígbà tí ọdún mẹ́rin náà pé, ó tún wọ síkì rẹ̀, ó sì tún lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2002, Òlíḿpíìkì bọ́ sí Salt Lake City ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Magdalena ti di ọmọ ọdún 34. Ó mọ̀ pé èyí ni ìgbà ìkẹyìn.

Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, wọ́n sáré kìlómítà 15. Andrea Henkel ti Jámánì gba wúrà. Liv Grete Poirée ti Nọ́wè gba fàdákà. Magdalena Forsberg gba idẹ. Ní ọjọ́ 13, wọ́n sáré kìlómítà 7 àbọ̀. Kati Wilhelm ti Jámánì gba wúrà. Uschi Disl gba fàdákà. Magdalena tún gba idẹ.

Ẹnì kan lè sọ pé idẹ kì í ṣe wúrà. Òótọ́ ni. Magdalena Forsberg kò gba wúrà Òlíḿpíìkì rí ní ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú méjèèjì wò ó. Ọjọ́ kan lè kọ̀ fún ẹni tí ó dára jù lọ. Atẹ́gùn kan lè fẹ́ ọta kan lọ. Ohun tí ọjọ́ kan kò lè gbà lọ́wọ́ ẹni ni iṣẹ́ ọdún mẹ́fà.

Nígbà tí sáà náà parí ní ọdún 2002, Magdalena fi eré náà sílẹ̀. Ife Àgbáyé kẹfà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

8. Lẹ́yìn náà

Nígbà tí ẹni kan bá la ọ̀nà, ẹlòmíràn a tọ̀ ọ́. Anna Carin Olofsson, ọmọ Swídìn mìíràn, náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú síkì nìkan kí ó tó gbé ìbọn. Ní Òlíḿpíìkì ọdún 2006 ní Turin ní ilẹ̀ Ítálì, ó gba wúrà àti fàdákà. Ní ọdún 2018, ní Pyeongchang ní ilẹ̀ Kòríà Gúúsù, Hanna Öberg láti ìlú Kiruna sáré kìlómítà 15. Ó yin ọta 20, kò tàsé ẹyọ kan. Ó gba wúrà. Ọmọ ọdún 22 ni.

Magdalena fúnra rẹ̀ kò dẹ́kun láti kọ́ ohun tuntun. Ní ọdún 2009, ó wọ ìdíje ijó kan lórí tẹlifísàn ní Swídìn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Let's Dance. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn tí ijó kì í ṣe iṣẹ́ wọn a máa kọ́ ijó ní ojú gbogbo ènìyàn. Magdalena ti kọjá ọmọ ogójì ọdún nígbà náà. Ó kọ́ ọ, ó jó o, òun ni ó sì borí.

9. Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá

Ẹ̀yin ará, kò sí yìnyín lọ́dọ̀ wa, a kò sì ní wọ síkì. Kí ni obìnrin yìí wá fi kàn wá?

Àwa tí a ń wá sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ oko tàbí lẹ́yìn ọjà, a mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ti lọ jìnnà. Ọmọ wa ń kàwé ju wa lọ. Ọwọ́ wa ti le nítorí ọkọ́ àti odó, kálámù kò tètè gbà láti dúró nínú rẹ̀. Ojú ń ti ẹlòmíràn láti ka ọ̀rọ̀ kan jáde, kí ó má baà ṣì í.

Nínú bíátílọ́ọ̀nù, ẹni tí ó bá tàsé yóò yí òbíríkítí náà ká, yóò sì tún padà sí ojú ọ̀nà. Eré kò tíì parí fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kíkà. Ẹni tí ó ṣi ọ̀rọ̀ kan kà yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, yóò pè é ní sílébù-sílébù, yóò sì máa bá a lọ. Àkókò díẹ̀ ni ó sọnù. Ẹni tí ó pa ìwé dé nìkan ni eré parí fún.

Àwọn àgbà wa ní: Kò sí ìgbà tí a dá aṣọ tí a kò rí ìgbà fi wọ̀ ọ́. Magdalena dá aṣọ tirẹ̀ nígbà tí ó ń lọ sí ọmọ ọdún 27. Ó sì wọ̀ ọ́ pẹ́.

Ìbéèrè

Ẹ dáhùn ní ẹnu, lẹ́yìn náà ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé.

1. Kí ni ìdí tí àwọn ará Swídìn fi ń lo síkì láti ayé àtijọ́?
2. Kí ni ó mú kí ó ṣòro láti sáré kí a sì yin ìbọn nínú eré kan náà?
3. Báwo ni Klas Lestander ṣe borí àwọn tí ó yára jù ú lọ?
4. Iṣẹ́ wo ni Magdalena mọ̀ kí ó tó kọ́ ìbọn yíyìn?
5. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí i ní Nagano? Kí ni ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀?
6. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín Ife Àgbáyé àti Ìdíje Àgbáyé?

Ẹ jíròrò

Nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún tí ẹni tí ó ń kọ́ ìbọn máa ń kọ́, ìkarùn-ún ni láti gbàgbé ìtàsé. Ṣé ó dára láti gbàgbé àṣìṣe? Ìgbà wo ni ó dára? Ìgbà wo ni kò dára? Kí olúkúlùkù fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Ìṣirò

1. Ẹ ka gbogbo wúrà tí Magdalena gbà ní Ìdíje Àgbáyé láti ọdún 1997 sí 2001. Mélòó ni?
2. Obìnrin kan tàsé lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìdíje kìlómítà 7 àbọ̀. Mítà mélòó ni yóò fi yí òbíríkítí ìyà ká?
3. Nínú ìdíje kìlómítà 15, ẹni kìíní sáré ní ìṣẹ́jú 43, ó tàsé lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹni kejì sáré ní ìṣẹ́jú 45, ó tàsé lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni ó borí? Ìṣẹ́jú mélòó ni ó fi jù ú lọ?

Àpèkọ

Kí olùkọ́ pe gbólóhùn mẹ́ta yìí, kí ẹ kọ wọ́n láì wo ìwé.

Ọta kìíní tàsé, ṣùgbọ́n ọta kejì ṣì wà.
Ó mí síta, ó dúró jẹ́ẹ́, ó sì tẹ ìbọn díẹ̀díẹ̀.
Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àgbà lè dé iwájú.